Ìbọn kejì fún ọdẹ elk: èwo ni kí n mú dání?

Ọmọ-Igbó Denver

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà báyìí. Mo wálé ṣe Iléyá, mo sì dúró wo Ojúde Ọba. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń padà sí Denver.

Tó bá di oṣù kẹwàá, èmi àti àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ gun òkè Colorado lọ dọdẹ elk fún ọjọ́ méje. Ẹni tí kò bá mọ elk, kó fojú inú wo àgbọ̀nrín tó tóbi tó màlúù. Akọ tó gbó dáadáa ń lọ sí 300 kílò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwo rẹ̀ sì lè fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo jókòó sí yìí.

Ìbọn tí mo ní ni .300 Winchester Magnum. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló bá mi yàn án, awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú wà lórí rẹ̀. Àwọn tí a jọ ń lọ wá ní kí n wá ìbọn kejì dání, pé bí èyí bá kọṣẹ́ lórí òkè, ìrìn-àjò mi parí nìyẹn. Mo ti ya 700 dọ́là sọ́tọ̀. Ṣé kí n ra alágbára bíi ti àkọ́kọ́ ni, àbí èyí tó rọrùn díẹ̀, àbí kí n má tilẹ̀ rà rárá? Green card mi wà, mo ti ṣe kíláàsì ọdẹ, ìwé-àṣẹ ọdẹ ti ọdún yìí náà ti bọ́ sí i.

Mo bi Baba mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ogun ni mo ń lọ jà ni. Ìyẹn ni mo fi ní kí n bi yín.

Ṣẹ̀gẹ̀ Àgọ́-Ìwòyè

Àbúrò, tọ́jú owó ẹ. Ẹni tó ń lé eku méjì, òfo ló máa mú délé. Ìbọn kan tí ọwọ́ ẹ mọ̀ ti tó. Fi 700 dọ́là yẹn ra ọta, ra bàtà gidi, kí o máa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ní gbogbo Sátidé títí oṣù kẹwàá á fi dé. Èmi ò tíì rí ọdẹ tó so ìbọn méjì kọ́ èjìká rí ní gbogbo Àgọ́-Ìwòyè.

Ìpẹru-Montana

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ̀gẹ̀, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ ò purọ́, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ọdẹ jáde lálẹ́ kó wọlé láàárọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó fi mọ́tò rin wákàtí márùn-ún, kó tún fẹsẹ̀ gun òkè, kí ìbọn wá kọ̀ nígbà tó débẹ̀. Nílé, bí ìbọn bá kọ̀, ẹ ó gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ lọ́jọ́ kejì. Lórí òkè, ta lẹ fẹ́ gbé e tọ̀?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Yìnyín ti bọ́ lọ́jọ́ náà, òkúta ń yọ̀ bí ilá, mo ṣubú gbalaja, ìbọn ló sì kọ́kọ́ kanlẹ̀. Mo gbé e yẹ̀ wò. Igi rẹ̀ ò là, irin rẹ̀ ò tẹ̀, dígí awò mọ́ kedere. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo ń bá tèmi lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, abo elk kan yọ ní nǹkan bí 150 yáàdì, ó fẹ̀gbẹ́ kọ mí bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Mo yìnbọn. Kò tilẹ̀ mi etí. Mo tún yìnbọn, ó gbórí sókè, ó ń wo apá ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó sá. Ìgbà tí a padà dé àgọ́, tí a na páálí sí 100 yáàdì, ọta mi ń bọ́ sí apá ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan yẹ̀ kúrò níbi tí mo fojú sùn. Awò ti sún lórí ìjókòó rẹ̀, ojú lásán ò sì lè rí i. Ọ̀rẹ́ mi ló yá mi ní ìbọn .30-06 kan tó ti gbó, tó fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Òun ni mo fi pa ẹran lọ́jọ́ tó kẹ́yìn.

Nítorí náà, mú ìbọn kejì, ṣùgbọ́n má gbé e kọ́rùn o. Inú ọkọ̀ tàbí inú àgọ́ ni kó wà, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìbọn kan pẹ̀lú awò àti ọta ń lọ sí kílò mẹ́rin, ibi tí ẹ ń lọ sì lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sókè. Níbẹ̀, èémí tí o fẹ́ mí gan-an, ẹrù ni.

Ní ti èyí tí wàá rà, kó jẹ́ èyí tó ń jẹ ọ̀kan nínú irú ọta mẹ́ta yìí: .30-06, .308 tàbí .270. Àwọn àgbà ni gbogbo wọn. .30-06 ti wà láti 1906, .270 láti 1925, .308 láti 1952. Bí ọta bá tán lọ́wọ́ rẹ, ó ṣòro kí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ òkè tó ń ta búrẹ́dì àti epo mọ́tò má ní ọ̀kan nínú wọn. Elk á kú fún èyíkéyìí bí ọta bá wọ ẹ̀dọ̀fóró. Òfin Colorado ní ẹnu ìbọn elk ò gbọdọ̀ kéré sí .24 ínṣì, ọta rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 85 grains (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta). Àwọn mẹ́ta yìí ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Nínú .30-06, 165 tàbí 180 grains ni èmi ń lò.

Bolt-action (èyí tí o máa fi ọwọ́ fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọta tuntun tó wọlé) ni kí o rà, irú Ruger American tàbí Savage Axis. 400 sí 600 dọ́là á gbé e, àlòkù tó mọ́ á sì tún dín sí i. Igi ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ rọ́bà lílé, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n òjò ò ní wú u.

Ọmọ-Igbó Denver

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń rò ó pé kí n kúkú ra .300 míì, kí ọta kan náà lè wọ méjèèjì.

Ìpẹru-Montana

Èrò gidi ni, apá kan rẹ̀. Ọta kan náà kì í bọ́ sí ojú kan náà láti inú ìbọn méjì, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìbejì láti ilé-iṣẹ́ kan. Wàá to awò ti ìkíní, wàá to awò ti ìkejì, wàá sì kọ ọ́ sí bébà, wàá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi ìbọn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù kí wọ́n fi jọra ni ibi tí ìka rẹ ti ń tì í pa kó má lè yìn. Bí ti ìkíní bá wà lẹ́yìn, tí ti ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìdájí tí otútù ti mú ìka kú, wàá máa wá a kiri títí elk á fi wo ojú rẹ tán tí á lọ.

Ọmọ Olúọ́dẹ J4

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ń tẹ èyí fún Baba mi. Ẹ̀bá igbó Omo la wà, ní J4. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kì í wọ inú igbó ìjọba tí erin wà, oko ni àwọn ti ń pa òyà. (Baba, mo ti kọ ọ́.)

Wọ́n ní ẹni tó sọ pé ọdẹ kì í ní ìbọn méjì, ọmọdé ni. Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ̀gẹ̀, ẹnu Baba ni.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣì ń lo ṣakabùlà nìkan, àwọn jáde lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń wẹliwẹli. Ìmadò kan yọ sí wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n fà á. Kápù dún pa, iná ò ran ẹ̀tù. Ẹ̀tù ti mu omi. Ìmadò ò sá o, ó yíjú sí wọn. Orí igi ọsàn ni Baba sùn mọ́jú, ẹni tó bá mọ ẹ̀gún igi ọsàn á mọ ohun tí ojú wọn rí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rá pio wọ́tà wé ibi tí kápù wà, tí wọ́n ń fi rọ́bà dì í, tí ìbọn baba tiwọn náà sì ń wà nínú ahéré oko gẹ́gẹ́ bí ìkejì.

Wọ́n ní kí ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa: ìbọn inú ahéré yẹn, ọjọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yìn ín. Wọ́n mọ̀ pé ó ń yìn sápá òsì díẹ̀, wọ́n mọ iye ẹ̀tù tó ń jẹ. Ìbọn kejì tí èèyàn ò yìn, igi ìdáná ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹ̀gbọ́n Baba ní ìbọn kàtíríìjì méjì, 12 ni ọ̀kan, 20 ni èkejì. Àpò kan náà ló ń da kàtíríìjì méjèèjì sí. Lóru, kò tan iná wò ó, ó ki 20 sínú ìbọn 12. 20 tẹ́ẹ́rẹ́, ó yọ̀ wọnú lọ, ó há sí iwájú. Ó fà á, kò dún. Ó ṣí i, ó rí i pé ẹ̀yìn ṣófo, ó ní òun gbàgbé láti kì í ni, ó ki 12 tẹ̀lé e. Ẹnu ìbọn ya bí ẹni bó ìrèké. Ìka méjì lọ ní ọwọ́ òsì. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe kàtíríìjì 20 ní àwọ̀ yẹ́lò báyìí, ṣùgbọ́n yẹ́lò ò hàn nínú òkùnkùn. Baba ní tó bá jẹ́ pé ìbọn méjì yín ò jẹ ọta kan náà, àpò méjì ni kí ẹ lò, kí àpò kan má sì kúrò lọ́dọ̀ ìbọn tirẹ̀.

Ìpẹru-Montana

Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Baba. Ọ̀rọ̀ ọta yẹn kan àwa náà níhìn-ín. .308 lè wọ inú .30-06, kó sì yìn, níbi tí kò ti bá a mu, idẹ tó bo ẹ̀tù inú ọta á ya. Ọ̀rá pio wọ́tà yẹn sì pa mí lẹ́rìn-ín, torí àwa náà ń fi téèpù lẹ ẹnu ìbọn kí yìnyín má wọ̀ ọ́. O lè yìn ín bẹ́ẹ̀ láì yọ téèpù, kò ṣe nǹkan kan. Yìnyín tó bá dì sínú ẹnu ìbọn ló ń ba ìbọn jẹ́. Nínú ilé, má fi òróró kún ibi tí ọta ti ń wọlé jù. Òtútù á mú òróró ki, ìbọn á sì lọ́ra.

Ọmọ-Òdògbolú

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Bọ̀ọ̀dá Denver, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú. Ṣé ẹ máa ń dijú kí ẹ tó fà á?

Mò ń béèrè torí ọkọ mi. Texas la ń gbé. Ó ra .300 Win Mag nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ni ìbọn ọkùnrin. Ọjọ́ kìíní tó yìn ín ní ogún ìgbà, èjìká rẹ̀ dúdú bí àmàlà. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti ń fò kí ìbọn tó dún. Kò gbà bẹ́ẹ̀ o! Mo wá ní kó jẹ́ kí n máa bá a ki ìbọn. Nígbà mìíràn mo á ki ọta gidi, nígbà mìíràn mo á ki òfìfo tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, kò ní mọ èwo ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí òfìfo bọ́ sí i, ìbọn ò dún, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn rì wálẹ̀ bíi pé ẹnìkan ti í. Àwa méjèèjì rí i. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

.308 ni èmi ń lò. Èmi náà ti pa elk méjì, abo ni méjèèjì, n kì í yìnbọn tó bá ju 250 yáàdì lọ. Bí ẹ bá ra ìbọn kejì, ẹ ra èyí tí kì í gbá yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ẹ máa padà sọ di ìkíní.

Ọmọ-Igbó Denver

Àǹtí, ẹ ti mú mi. Mò ń dijú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ṣẹ̀gẹ̀ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Baba J4, mo dọ̀bálẹ̀, ọmọdé ni mo jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún un: ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ń lọ. Ṣé ìbọn mẹ́jọ lẹ fẹ́ kó gun òkè ni? Ẹ jókòó, kí ẹ ra ìkejì kan tàbí méjì fún gbogbo yín, kí gbogbo yín lọ yìn ín kí oṣù kẹwàá tó dé.

Ìpẹru-Montana

Ẹ̀gbọ́n, èyí dára. Àwa mẹ́ta la ń pín .30-06 kan báyìí. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ wò ni bóyá igi rẹ̀ bá apá gbogbo yín mu. Ẹni tó ga tí ọrùn rẹ̀ gùn àti ẹni kúkúrú ò lè fi ojú rí inú awò kan náà bákan náà. Kí ẹ sì mọ òfin ìyáni ní ìbọn ní Colorado kí ẹ tó máa gbé e káàkiri láàárín ara yín.

Ẹni tí owó ò bá tó lè má ra ìbọn kejì rárá, kó ra awò kejì. Kó tò ó sórí ìbọn náà nílé, kó yọ ọ́ pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀, kó wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ onírun. Bí ti àkọ́kọ́ bá yẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o ti pààrọ̀ rẹ̀. O ṣì máa yin ọta méjì tàbí mẹ́ta sí páálí kí o tó gbà á gbọ́. Nínú gbogbo ohun tó ń kọṣẹ́ lára ìbọn, awò àti ìdè rẹ̀ ni mo rí jù. Irin fúnra rẹ̀ kì í sábà kọ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ kan ní Houston

Fún ẹ̀yin tí ẹ máa bá bàálù lọ: àpótí líle tó ní kọ́kọ́rọ́, ọta ò gbọdọ̀ sí nínú ìbọn, ẹ ó sì sọ fún wọn níbi tí ẹ ti ń fi ẹrù sílẹ̀ pé ìbọn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ò gbà ju 5 kílò ọta lọ. Ọdún tó kọjá, ẹrù mi dé lẹ́yìn mi ní ọjọ́ méjì. Mo jókòó sí mọ́tẹ́ẹ̀lì, mò ń jẹ gàrí Ìjẹ̀bú tí ìyàwó mi dì fún mi, àwọn tó kù ti wà lórí òkè. Tí ọ̀rẹ́ mi ò bá ní ìbọn kejì, ilé ni ǹ bá padà sí. Nínú mọ́tò náà, ọta ò gbọdọ̀ wà lẹ́nu ìbọn ní Colorado, ẹ má gbàgbé.

Ṣàgámù Bọ́ìsì

Bọ̀ọ̀dá Denver, tí ẹ bá lò ó tán, ẹ bá mi gbé ìkejì yẹn bọ̀ ní Iléyá tó ń bọ̀ o.

Ọmọ Rẹ́mọ kan ní Houston

Àbúrò, má fi ẹ̀wọ̀n ṣàwàdà. Láì ní ìwé-àṣẹ, ìbọn ò wọ Nàìjíríà. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní bi ẹ́ bóyá òyà lo fẹ́ fi pa.

Ọmọ-Igbó Denver

Ẹ jẹ́ kí n jíyìn. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Baba mi létí lálẹ́ àná. Ìgbà tí mo dé ibi ìtàn ìmadò, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìbọn kan jáde tí n kò rí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ṣakabùlà baba tiwọn ni. Ìdí igi rẹ̀ ti dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn méjì ti ń kàn án. Èmi tí wọ́n ń bi bóyá ogun ni mò ń lọ jà, àwọn náà ní ìkejì lábẹ́ ibùsùn! Wọ́n ní, "N kò sọ pé kó o má mú un. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni."

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Àwọn mẹ́ta tó kù ti gbà lórí WhatsApp, a ó dá owó ra .308 kan. Bí wọ́n bá wọn igi rẹ̀ mọ́ apá mi tán, wọ́n á wọn ara wọn. Èmi ni mo kúrú jù, torí náà ìwọ̀n tèmi la máa fi bẹ̀rẹ̀. Àpò ọta rẹ̀ á jẹ́ pupa, ti .300 á jẹ́ dúdú. Àǹtí Òdògbolú, Sátidé tí mo bá padà dé, ìyàwó mi ló máa bá mi ki ìbọn. Tó bá jẹ́ pé .300 yẹn ṣì ń mú mi dijú títí oṣù kẹsàn-án, .308 ni mo máa gbé gun òkè, .300 á sì dúró sínú ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́nnẹ́

Mo ti ń kà yín láti àná, n kò lóye ọ̀rọ̀ ọta yín. Ìbéèrè tèmi ni pé, ẹran 300 kílò, ta ló máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè? Ṣé ẹ ó yan án ni àbí ẹ ó tà á?

Ìpẹru-Montana

Ìyá, ẹ̀yìn wa ló ń gbé e sọ̀. A ó gé e sí ọ̀nà mẹ́rin, a ó ki wọ́n sínú àpò, ẹnìkan lè lọ bọ̀ ní ìgbà mẹ́rin. Wọn kì í jẹ́ ká ta ẹran ìgbẹ́ tí a bá pa níbí, òfin ò gbà á.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́nnẹ́

Ká lọ bọ̀ nígbà mẹ́rin, ká má sì tà á. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà lóòótọ́, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Denver, tìẹ yẹn, gbẹ ẹ dáadáa. Mo ń bọ̀ wá kí yín ní Kérésì.